Ohun Tí Àbúrò Mi Sọ Gan-an

Ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn náà dé bá wa. Ìyá mi kékeré jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ń hun agbọ̀n, èmi náà jókòó tì í, mò ń bá a ya ewé tó fi ń hun ún. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí láàárín wa. Obìnrin tó ń ka ìròyìn sọ pé Dókítà Helen Lorimer, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn lẹ́yìn ikú ọ̀dọ́mọbìnrin agbábọ́ọ̀lù kan, ti kú ní ilé rẹ̀ ní Melbourne. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò. Ìyá mi kékeré gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ rédíò náà bí ẹni pé ènìyàn ni. "Ó kú? Majella, ṣé etí mi ni àbí òótọ́ ni?" Mo ní, "Òótọ́ ni, Màmá." Ó bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa, ẹ ṣeun. Ẹni tó pa ọmọ mi, ilẹ̀ ti gbà á. Ibi tó lọ, kó má rí ìsinmi níbẹ̀. Ṣe àmín, ọmọ mi." Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo ti ń ṣe àmín sí èpè yẹn. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi kékeré á gbé Dókítà Lorimer lé Ọlọ́run lọ́wọ́, èmi á sì fi àmín tì í lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà mo la ẹnu, àmín kò jáde.

Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. Òótọ́ tí mo ti gbé mì gbọ́dọ̀ jáde, ìbáà fa ọ̀nà ọ̀fun mi ya. Dókítà Lorimer kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo jókòó ti ìyá ọmọ náà, tí mò ń bá a ya ewé agbọ̀n, tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, èmi ni. Mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí pé kó má wá àwáwí kankan fún mi. Mo ti wá gbogbo rẹ̀ tán fúnra mi.

N kò ní kọ orúkọ ẹni tó kú náà. Ní erékùṣù wa, bí ènìyàn bá ti kú, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè máa lọ ní àlàáfíà, kí ọkàn àwọn tó kù sì lè rọ̀. Àbúrò mi ni n ó máa pè é. Ìyá rẹ̀ àti ìyá tó bí mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí ìyá mi kú, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi kékeré mú mi sọ́dọ̀, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló bí àbúrò mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù wa kì í ṣe èyí tó rí róbótó. Gígùn ni, ó dà bí ẹyin, ó máa ń fò síbi tí ènìyàn kò rò. A máa ń fi ọwọ́ mú un lófuurufú, a sì máa ń gbá a láìwọ bàtà lórí yẹ̀pẹ̀ pupa, nínú òjò, tí ẹrẹ̀ á máa ta sí wa lójú. Àwọn Sísítà ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ wa níwèé kò fẹ́ràn pé kí obìnrin máa gbá a. Sísítà Ignatius á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, á ní, "Majella, ọwọ́ tó ń kọ̀wé dáadáa báyìí, bọ́ọ̀lù lo fẹ́ fi fọ́?" Ṣùgbọ́n a kò ṣíwọ́. Nígbà èwe mi, kò sí ìdíje ńlá kankan fún obìnrin. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà erékùṣù, mo ń wo àwọn arákùnrin mi bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ di olókìkí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí àwọn ará ìlú ńlá gúúsù tó dá ìdíje àwọn obìnrin sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ kan ní Melbourne sì ránṣẹ́ pè mí. Ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ń fi bàtà eré kọ́ ògiri ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tèmi. Ní ọdún kẹfà, wọ́n mú àbúrò mi náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Kí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ kó wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ó ní, "Ìwọ ni etí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ ni ẹnu rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Àbúrò mi gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í láti sọ ọ́ níwájú àwọn òyìnbó. Bí kóòṣì bá bi í ní nǹkan, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wojú mi, á sọ ọ́ fún mi ní èdè wa, èmi á sì tú u. Ó ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Dókítà Lorimer, dókítà ẹgbẹ́ wa, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Majella, ọmọ yìí ti ṣe ọdún méjì lọ́wọ́ mi, ohùn tìrẹ nìkan ni mo mọ̀." Àbúrò mi á sọ fún mi ní èdè wa pé, "Sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ló ń sọ̀rọ̀." Mo bá tú u, dókítà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin gíga, onírun funfun ni, a máa fi ọ̀pá abẹ́rẹ́ tó fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ sínú àpò oògùn. Ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún àbúrò mi nítorí òtútù Melbourne.

Ní ọdún kejì àbúrò mi, a dé ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Bí a bá borí, a ó gbá àṣekágbá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, eékún mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo mọ̀ pé ọdún mi tó kẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ mi nínú ẹgbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi láti ìgbà tí fèrè dún: "Ìyá àgbà, ta ló ń bá ọ tọ́ ọmọ-ọmọ nílé?" Mo ní kó dúró dè mí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Ìdá mẹ́rin ni eré wa. Nígbà tí ìdá kẹta fẹ́ parí, gọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n fi jù wá lọ, àmì méjìlá nìyẹn. Àwọn àgbà mẹ́fà ti wá láti erékùṣù, wọ́n jókòó sójú ìwòran pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi jáde kí n sinmi díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni bọ́ọ̀lù gòkè gan-an, tí àbúrò mi sì fò tẹ̀lé e.

Gbogbo ènìyàn ló mọ bó ṣe ń fò. Á gun afẹ́fẹ́ bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Ó ti di bọ́ọ̀lù náà mú kí orúnkún ẹlòmíràn tó gbá a ní ẹ̀gbẹ́ orí. Ó ṣubú láìfi ọwọ́ gbalẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣubú a máa na ọwọ́, kódà ọmọ ọwọ́ ń nà án. Mo rí i pé kò nà án. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i.

Wọ́n gbé e wọ yàrá kékeré tó wà lábẹ́ ojú ìwòran. Kí n tó tẹ̀lé wọn, ẹni tó mú tẹlifóònù bẹ́ǹṣì nà án sí mi, Kóòṣì Pascoe ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè níbi tó ti ń wo eré. "Jella, bá mi wo àbúrò rẹ. A ò lè borí láìsí ọmọ yẹn." Kò ní kí n parọ́. N kò ní kọ́ irọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Kóòṣì," mo sì sáré lọ.

Àbúrò mi jókòó lórí ibùsùn tóóró, dókítà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi iná kékeré wo ojú rẹ̀. Ìbéèrè wà tí gbogbo dókítà eré wa máa ń bi ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan. Bí kò bá rí wọn dáhùn, eré rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà, kò sì ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni pé kò ní sí àṣekágbá fún un. Dókítà ní, "Ọmọ mi, pápá wo la wà yìí?" Àbúrò mi kò wò ó. Ó wò mí, ó sì sọ ní èdè wa, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà létí òkun wa nílé, "Ẹ̀gbọ́n mi, òkun ti ń fà. Sọ fún Màmá kó má lọ láìmú mi dání." Dókítà gbé ojú sókè sí mi. "Kí ló wí?" Lókè orí wa, àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ojú ìwòran. Mo ní, "Ó fi èdè wa dárúkọ pápá yìí, Dókítà." Ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Ẹgbẹ́ wo la bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé a borí?" Àbúrò mi ní, "Orí ń fọ́ mi. Kí ló dé tí wọ́n pa iná?" Iná kò kú. Mo ní, "Ó rántí wọn. Ó ní a fi gọ́ọ̀lù mẹ́ta jù wọ́n lọ." Dókítà tún kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó di ọwọ́ àbúrò mi mú, ó wojú rẹ̀ títí, ó sì ní, "Ara mi kò gbà á, Majella. Bi í fún mi, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ṣé ó fẹ́ padà, àbí ó fẹ́ jókòó? Ohun tó bá sọ ni n ó ṣe." Mo bi í. Lóòótọ́ ni mo bi í. Mo fi èdè wa bi í láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà. Àbúrò mi fi orí lé mi láyà. "Ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́ kí n jókòó."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kù kí n tú. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè yẹn nínú yàrá náà. Mo ní, "Ó ní òun fẹ́ padà, Dókítà."

Ìdá kẹrin bẹ̀rẹ̀, a jọ wọlé. Ó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ó tilẹ̀ gbá gọ́ọ̀lù kan wọlé, gbogbo ojú ìwòran dìde. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn, kò mọ̀ pé òun ti gbá a wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọbìnrin kan dì í mú, wọ́n jọ wó lulẹ̀. Ìwó yẹn kò le, ọmọ ilé ìwé ń wó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin yẹn dìde. Àbúrò mi kò dìde. Wọ́n fi ibùsùn àgbéká gbé e jáde. A borí pẹ̀lú àmì mẹ́rin. Bí a bá borí, a máa ń di ara wa mú ní òbìrípo nínú yàrá ìmúra, a ó kọ orin ẹgbẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé ó ti lajú nínú ọkọ̀ aláìsàn. N kò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ orin náà. Mo kọ ọ́ dé òpin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kú.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí. Àwòrán eré fi hàn pé kò na ọwọ́ nígbà tó ṣubú. Wọ́n bi Dókítà Lorimer ìdí tó fi jẹ́ kó padà. Ó ní òun bi í ní ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì túmọ̀ ìdáhùn, gbogbo rẹ̀ sì tọ́. Wọ́n yíjú sí mi. Obìnrin tó jókòó láàárín fi ohùn tútù pè mí, ó ní kí n sọ ohun tí àbúrò mi sọ. Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tí mo rò pé ó burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé nígbà ti àkọ́kọ́, eré ń lọ lókè orí mi. Níbí, omi wà nínú ife níwájú mi, àyè sì wà láti ronú. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ní ilé wa, a kì í sọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbára mú mi." Gbogbo wọn tẹrí ba bíi tèmi. Wọ́n ní àwọn bọ̀wọ̀ fún àṣà wa. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ohunkóhun. Àṣà tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀ láti fi tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, mo fi ṣe aṣọ, mo da á bo irọ́.

Nígbà tí a jáde, Dókítà Lorimer dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rù. Kò bínú, ìyẹn ló ń lé mi kiri títí di òní. Ó ní, "Majella, n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n lè máa gbé ayé mi. Ṣé ohun tó sọ nìyẹn lóòótọ́?" Mo wo ojú rẹ̀. "Òun ni, Dókítà." Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dáa. Ó jẹ́ pé ojú mi ni kò ríran tó." Ó lọ. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Mo pa dà sí erékùṣù, n kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, gbogbo ènìyàn ní ìbànújẹ́ ló fà á, wọ́n ń ṣàánú mi.

Ìdí nìyẹn tí àmín fi kọ̀ lọ́fun mi lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ìyá mi kékeré ní, "Kí ló ṣe ọ́? Ṣe àmín." Mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí. Nígbà tí mo dé ibi ìgbìmọ̀, tí mo sọ pé àṣà ni mo fi bojú, ó ní, "Orúkọ ni wọ́n ní ká má pè. Ta ló ní ká má sọ òótọ́?" Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí n kò rò pé yóò bi mí. "Tún un sọ. Ohun tó sọ gan-an, bó ṣe sọ ọ́." Mo sọ ọ́ ní èdè wa, pẹ̀lú ohùn tí àbúrò mi fi sọ ọ́: òkun ti ń fà, sọ fún Màmá kó má lọ láìmú mi dání. Ìyá mi kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ló ránṣẹ́ sí," ni ó wí. "Ọdún mẹ́jọ, Majella. Ọmọ mi fi iṣẹ́ rán ọ sí mi, o gbé e pamọ́ fún ọdún mẹ́jọ." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Dìde kúrò níwájú mi."

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni mo lọ sùn sí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi kékeré wá, kò wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀wé kọ. Ó ní, "Mú ìwé wá. Obìnrin yẹn ní ọkọ. Mo ti fi ọdún mẹ́jọ ṣépè fún aláìṣẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa èpè jọ padà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ mọ irú ẹni tó fẹ́. Èmi á máa sọ ọ́, ìwọ á máa tú u. Kí o má sì yí ọ̀rọ̀ kan padà." N kò yí ọ̀kan padà. Mo kọ òmíràn sí ìgbìmọ̀ náà ní orúkọ ara mi. N kò mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe, ohunkóhun tó bá jẹ́, ó tọ́ sí mi. Ìyá mi kékeré kò tíì pè mí ní ọmọ rẹ̀ láti ìgbà náà. N kò bínú. Ẹ̀bẹ̀ mi kò tíì tán, n ó máa bẹ̀ ẹ́, n ó sì máa bẹ àwọn ará ilé Dókítà Lorimer. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, bí ẹnìkejì yín bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Eré mìíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin wa bá àwọn ará abúlé kejì gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ni mo ń gbé fún wọn. Leonie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fi orí gbá èjìká ẹnì kan, ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kí n tó bi í, ó ti ń pariwo: "Ara mi le, Àǹtí Jella! Àmì méjì péré ni wọ́n fi jù wá lọ, ẹ jẹ́ kí n padà!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kígbe látinú pápá: "Àǹtí, ẹ má bà á jẹ́ fún wa o! Ṣé ti abúlé kejì lẹ ń ṣe ni?" Mo mú un jókòó sínú ìbòòji, mo da omi sí aṣọ, mo fi lé e lọ́rùn. Mo bọ́ ẹ̀wù eré lọ́rùn rẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́. Ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó ní mo ti darúgbó, mo ń jowú. Mo ní mo gbọ́. Mo ká ẹ̀wù náà mẹ́rin, mo gbé e sórí koríko, mo sì jókòó lé e títí fèrè ìparí fi dún.